Ìyìn Yẹ Àwọn Tí Ń Kàwé fún Ọmọ Àdúgbò

Bí a bá ń ka àwọn olóore Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú Ọbańta, ìlú Awùjalẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n ń kó ọmọ ọlọ́mọ jọ, tí wọ́n ń kàwé sí wọn létí láìgba kọ́bọ̀, tí wọ́n sì ń fún wọn ní ìwé mú relé. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ọdún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ìwé àti ìgbàgbọ́ ni wọ́n jọ tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní 1913 ni Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School bẹ̀rẹ̀, ilé ìtẹ̀wé àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. ló sì tẹ ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Yorùbá, jáde ní 1938. Nínú iṣẹ́ kíkàwé fún ọmọdé yìí, òǹkàwé tó mọṣẹ́ kì í kánjú: yóò yí ohùn padà fún ìjàpá, yóò fi ìka tọ ọ̀rọ̀, yóò sì dákẹ́ díẹ̀ kí ọmọ lè sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀yin tí ìwé kún àpótí yín, ẹ kó díẹ̀ wá, kí ẹ sì wá jókòó kà á fún àwọn ọmọ.