Ẹ́ńjìnnì Àrọ́pò Nínú Bàálù Ajagun Jámánì Àtijọ́

Ẹ́ńjìnnì àrọ́pò ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi sínú bàálù nígbà tí èyí tí wọ́n torí rẹ̀ ya bàálù náà kò sí mọ́, tàbí tó wà ṣùgbọ́n tí kò ṣeé fọkàn tán lójú òfuurufú. Láàárín àwọn tó ń tún bàálù ajagun ilẹ̀ Jámánì ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ṣe kó lè tún fò, kò sí ọ̀rọ̀ tó ń fa àríyànjiyàn bí èyí. Bàálù mẹ́ta ló kàn jù lọ: Messerschmitt Bf 109, Focke-Wulf Fw 190 àti Messerschmitt Me 262. Nígbà tí ogun parí ní 1945, iṣẹ́ dáwọ́ dúró láwọn ilé iṣẹ́ Daimler-Benz, BMW àti Junkers tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì wọn. Ọ̀pọ̀ bàálù náà di àlòkù irin. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù bọ́ sílé ìṣẹ̀ǹbáyé, sísàlẹ̀ adágún tàbí sínú igbó. Oníṣẹ́ irin tó mọṣẹ́ lè gé páànù tuntun kó fi kan ara bàálù. Ẹ́ńjìnnì kò rí bẹ́ẹ̀: odindi ilé iṣẹ́ ló ń bẹ lẹ́yìn ẹyọ kan.

Àwọn kan gbà pé bàálù tó ń fi ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn fò ti di ayédèrú. Ìtàn àwọn bàálù náà fúnra wọn kò gbe èrò yìí lẹ́yìn. Ohun tó yẹ kí lámèyítọ́ wò ni ohun tí àrọ́pò náà yí padà nínú ìfò àti ìrísí bàálù, kó sì wò ó bóyá orúkọ àti ìwé bàálù náà jẹ́wọ́ ìyípadà ọ̀hún.

Àrọ́pò láti ìbẹ̀rẹ̀

Ní oṣù karùn-ún 1935, Bf 109 àkọ́kọ́ gbéra nílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce Kestrel, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ló gbé e, nítorí pé Junkers Jumo 210 tí Willy Messerschmitt àti àwọn ẹnjiníà rẹ̀ ń retí kò tíì ṣe tán. Lẹ́yìn náà ni Jumo 210 dé, kí àwọn ẹ́ńjìnnì Daimler-Benz, DB 601 àti DB 605, tó wá gba ipò rẹ̀.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Me 262, bàálù jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó wọ ojú ogun. Nígbà tó kọ́kọ́ fò ní oṣù kẹrin 1941, kò ní jẹ́ẹ̀tì kankan. Ẹ́ńjìnnì alábẹ̀bẹ̀ kan, Jumo 210, ni wọ́n so mọ́ imú rẹ̀. Ní oṣù kẹta 1942, wọ́n fi jẹ́ẹ̀tì BMW 003 méjì kún un. Méjèèjì kú mọ́ awakọ̀ òfuurufú náà lọ́wọ́ lókè, ẹ́ńjìnnì alábẹ̀bẹ̀ yẹn ló sì gbé e délẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù keje 1942 ni Fritz Wendel tó fi jẹ́ẹ̀tì Jumo 004 nìkan gbé e fò ní Leipheim. Ẹni tó bá ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló lè jẹ́ ti bàálù kan ní láti kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn ọdún wọ̀nyí.

Sípéènì àti Czechoslovakia

Ní 1942, ilé iṣẹ́ Hispano Aviación ní Sípéènì gba àṣẹ láti máa ṣe Bf 109G. Ilẹ̀ Jámánì, tí ogun ti há mọ́, kò lè fi ẹ́ńjìnnì DB 605 tó ṣèlérí ránṣẹ́. Àwọn ará Sípéènì kọ́kọ́ dán ẹ́ńjìnnì Hispano-Suiza wò, kí wọ́n tó wá lọ ra Rolls-Royce Merlin, irú èyí tó gbé Spitfire àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun. Bàálù tó tibẹ̀ jáde ní 1954 ni HA-1112-M1L, tó ní agbára ẹṣin 1,600, tí wọ́n sì ń pè ní Buchón, orúkọ irú ẹyẹlé kan tí àyà rẹ̀ yọ síwájú.

Orúkọ náà bá ohun tí ojú rí mu. Nínú DB 605, orí àwọn sílíńdà dojú kọ ilẹ̀, ihò èéfín sì wà nísàlẹ̀ imú bàálù. Nínú Merlin, orí sílíńdà dojú kọ òkè, ihò èéfín gòkè, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé sì mú kí àgbọ̀n bàálù náà wú. DB 605 tún fàyè sílẹ̀ kí ìbọn ńlá kan máa yìn gba àárín abẹ̀bẹ̀ jáde. Merlin kò fàyè yẹn sílẹ̀, nítorí náà inú ìyẹ́ ni ìbọn Buchón wà. Síbẹ̀ ó fò dáadáa, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Sípéènì sì lò ó títí di 1965.

Czechoslovakia kò ríre bẹ́ẹ̀. Iná jó ilé ìkẹ́rù tí wọ́n kó DB 605 sí lẹ́yìn ogun. Ilé iṣẹ́ Avia wá mú Jumo 211, ẹ́ńjìnnì bàálù ajubọ́ǹbù Heinkel He 111, ó fi sínú ara Bf 109, ó sì pe bàálù náà ní S-199. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tóbi, agbára ìyípo rẹ̀ sì máa ń fa bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó bá ń sáré gbéra tàbí tó bá ń balẹ̀. Àwọn tó wà á pè é ní Mezek, ìyẹn ìbaaka. Márùndínlọ́gbọ̀n nínú wọn ni Ísírẹ́lì rà ní 1948, ọ̀pọ̀ ló sì bàjẹ́ nínú ìjàǹbá orí ilẹ̀.

Ara bàálù kan náà ni Buchón àti S-199. Ohun tó mú kí ọ̀kan gún, kí èkejì sì wọ́, ni pé ẹ́ńjìnnì bàálù ajagun ni Merlin, ó sì yára. Ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó máa fi sùúrù gbé bọ́ǹbù rìn ni Jumo 211. Àrọ́pò tó dára ní láti bá iṣẹ́ bàálù mu yàtọ̀ sí pé kó gba inú imú rẹ̀ wọlé.

Fw 190 tí wọ́n tún bí

Kurt Tank ló darí iṣẹ́ Fw 190, tó kọ́kọ́ fò ní 1939. BMW 801, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rìnlá tí wọ́n tò yípo, ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lò. Ní 1996 wọ́n dá ilé iṣẹ́ Flug Werk sílẹ̀ ní Jámánì láti máa ṣe Fw 190 tuntun, pẹ̀lú iṣẹ́ irin láti Ròmáníà. Èyí àkọ́kọ́ sì fò ní 2004. BMW 801 tó ṣeé fò ṣọ̀wọ́n gan-an, wọ́n sì yan ASh-82, ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì tí Arkady Shvetsov ṣe, tí òun náà ní sílíńdà mẹ́rìnlá ní títò yípo, tí Ṣáínà náà sì ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí pé ìrísí ẹ́ńjìnnì méjèèjì súnmọ́ra, ojú kò tètè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, kò sí àgbọ̀n wíwú bíi ti Buchón. Ẹ̀kọ́ ńlá sì wà nínú rẹ̀. ASh-82 yìí ló gbé bàálù Lavochkin La-5 àti La-7 tí àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì fi kọjú ìjà sí Fw 190 lójú ogun ìlà oòrùn. Ẹ́ńjìnnì ẹni tó ṣẹ́gun ló kù lórí ilẹ̀ láti rà, nítorí pé ilé iṣẹ́ tirẹ̀ kò ti lẹ́yìn 1945. Àrọ́pò náà jẹ́ ẹ̀rí bí ogun ṣe parí.

Àmọ́ ohun kan wà tí kò lè fi hàn. BMW 801 ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Kommandogerät, tí awakọ̀ kàn ń fi ọ̀pá kan ṣoṣo darí, tó sì ń bá a ṣètò epo, afẹ́fẹ́, àkókò ìtaná àti igun abẹ̀bẹ̀. Ó wà lára ọgbọ́n tó lókìkí jù nínú bàálù náà. Ẹni tó bá wa Fw 190 oní-ASh-82 kò tíì mọ bí iṣẹ́ awakọ̀ ṣe rọrùn tó lọ́dún 1942.

Me 262 àti jẹ́ẹ̀tì tí kì í pẹ́

Ọ̀ràn Me 262 yàtọ̀, torí pé ojúlówó ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fúnra rẹ̀ léwu. Níkẹ́ẹ̀lì àti kóróómù ti wọ́n ní Jámánì lásìkò ogun. Àwọn ẹnjiníà Junkers wá fi irin lásán tí wọ́n fi alumíníọ̀mù kùn ṣe ibi tó gbóná jù nínú Jumo 004. Bí wákàtí mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ẹ́ńjìnnì kan máa ń lò kó tó di dandan láti tú u. Awakọ̀ tó bá sì ti ọ̀pá agbára síwájú lójijì lè mú kí ó gbiná tàbí kí ó kú.

Ní 1993, iṣẹ́ láti kọ́ Me 262 tuntun márùn-ún bẹ̀rẹ̀ ní Texas, kó tó kó lọ sí Paine Field ní Everett, ìpínlẹ̀ Washington. Wọ́n tú ojúlówó kan tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà palẹ̀, wọ́n wọn gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe padà fún àwọn tó ni ín. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yàn ni General Electric CJ610. Jumo 004 kan wúwo ju 700 kìlógíráàmù lọ, agbára ìtì rẹ̀ sì tó bíi 900 kìlógíráàmù. CJ610 kò wúwo tó 200 kìlógíráàmù, bẹ́ẹ̀ ni agbára tirẹ̀ ju 1,200 lọ. Èyí àkọ́kọ́ fò ní oṣù kejìlá 2002. Òmíràn dé Jámánì, ó sì fò níbẹ̀ ní 2006.

Ẹ́ńjìnnì tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ máa ń ba ìdọ́gba bàálù jẹ́. Àwọn oníṣẹ́ náà wá rọ ìkarahun irin tó jọ Jumo 004, wọ́n sì fi CJ610 sínú rẹ̀, kí ìwọ̀n lè padà sí bó ṣe wà. Níbí ni àríyànjiyàn ti le jù, nítorí pé ohun kan náà tó ń mú bàálù dọ́gba ló tún ń bo àrọ́pò mọ́lẹ̀. Ìdáhùn wà nínú ìwé bàálù náà. Ẹ́ńjìnnì tó ń lò kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, àwọn bàálù náà sì gba nọ́ńbà tuntun tó tẹ̀ lé ti ilé iṣẹ́ àtijọ́, tí kò jẹ́ kí a fi wọ́n pe èyí tó jagun. Ìkarahun tó wà fún ìdọ́gba, tí wọ́n sì kéde rẹ̀, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Àwọn tó dúró lórí ojúlówó

Bf 109G-2 kan, tí wọ́n ń pè ní Black 6, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Australia ní Libya ní 1942. Russ Snadden àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún láti tún un ṣe, tòun ti ẹ́ńjìnnì DB 605 rẹ̀. Ó fò ní 1991. Ní oṣù kẹwàá 1997 ó ṣubú nígbà tó ń balẹ̀ ní Duxford; wọ́n tún un ṣe, àmọ́ kò fò mọ́. Fw 190A-5 kan tí wọ́n rí nínú igbó ní Rọ́ṣíà náà fò ní Amẹ́ríkà ní 2010 pẹ̀lú BMW 801 rẹ̀.

Iye ohun tí irú bàálù bẹ́ẹ̀ ń kọ́ni kò ṣeé fowó rà: ìró rẹ̀, òórùn epo rẹ̀, bí ó ṣe ń dáhùn sí ọwọ́ awakọ̀. Àmọ́ wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá fò ń jẹ nínú irin tí kò sí ìrọ́pò fún. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn alátakò àrọ́pò kì í sábà rántí. Lára àwọn Bf 109 tó ń fi DB 605 fò ní Jámánì láti 1982, àwọn kan jẹ́ ara Buchón tí wọ́n yọ Merlin kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n ti lo àwọn Buchón fún fíìmù *Battle of Britain* tó jáde ní 1969, níbi tí Merlin ti ń ké nínú bàálù ọ̀tá méjèèjì. Bí Sípéènì kò bá rọ́pò ẹ́ńjìnnì láyé ìgbà náà, ara bàálù kì bá tí kù tí ojúlówó ẹ́ńjìnnì máa padà wọ̀.

Àpẹẹrẹ Suame Magazine

Bàálù nìkan kọ́ ni wọ́n ń rọ́pò ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, àrọ́pò ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́. Níbẹ̀ ni Suame Magazine wà, àdúgbò àwọn mọkálíìkì tó gba orúkọ rẹ̀ lára ilé ìkó-ohun-ìjà-sí àwọn ọmọ ogun. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kú kì í dúró de irú kan náà. Èyí tó wà lórí àtẹ, tó sì lè fa ẹrù, ló ń rà, bí wọ́n ṣe ń ra tòkunbọ̀ ní Ládiípọ̀ l'Ékòó. Mọkálíìkì á wọn ibi ìjókòó ẹ́ńjìnnì, á jó irin tuntun mọ́ ọn, á gbẹ́ páànù tó máa so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíá, á sì gé ọ̀pá ìyípo tàbí kí ó fi kún un. Yunifásítì KNUST dá ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1980, èyí tó mú ẹ̀rọ ìgbẹ́rin àti ẹ̀kọ́ ìwọ̀n pípé súnmọ́ wọn. John Powell, tó darí ẹ̀ka yunifásítì tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, kọ ìwé lórí àwọn oníṣẹ́ ọ̀hún ní 1995.

Ìdọ́gba, agbára ìyípo, ìtutù ẹ́ńjìnnì àti ìsopọ̀ ni mọkálíìkì Suame ń yanjú, àwọn náà sì ni oníṣẹ́ Everett yanjú. Ìyàtọ̀ wà nínú ewu àti nínú ohun tí wọ́n ń jẹ́rìí sí. Ọkọ̀ tí àrọ́pò rẹ̀ kò dára á dúró sẹ́bàá ọ̀nà; bàálù á já lulẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni láti gbé ẹrù, kò sì ṣèlérí ìtàn fún ẹnikẹ́ni. Bàálù tí a tún ṣe ń sọ fáwọn tó ń wò ó pé báyìí ló rí nígbà kan, ìdí nìyí tí ẹrù òtítọ́ fi wà lórí rẹ̀ ju ti ọkọ̀ lọ. Síbẹ̀ Suame ní ẹ̀kọ́ kan fún un. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ àti àwọn ará Netherlands méjì, Melle Smets àti Joost van Onna, fi oríṣiríṣi ẹ̀yà kọ́ ọkọ̀ kan jáde ní 2013, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fún un: Turtle. Wọn kò fi orúkọ ilé iṣẹ́ kankan bò ó.

Òṣùwọ̀n ìdájọ́

Láti inú gbogbo èyí, òṣùwọ̀n mẹ́ta ló yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ìfò: ẹ́ńjìnnì àrọ́pò gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n àti iṣẹ́ bàálù mu, kí S-199 má baà tún ṣẹlẹ̀. Èkejì ni ìrísí: níbi tí ara bàálù bá ti yí padà nítorí ẹ́ńjìnnì, kí àlàyé rẹ̀ wà fún ẹni tó ń wò ó. Ẹ̀kẹta, tó ṣe pàtàkì jù, ni orúkọ. Ẹni tó bá pe Buchón ní Buchón ti sọ ìtàn Sípéènì. Ẹni tó bá kùn ún ní àwọ̀ Jámánì, tó sì tà á gẹ́gẹ́ bí Bf 109 tó jagun ní 1940, ti purọ́, bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ dára.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì gbọ́dọ̀ pa ojúlówó ẹ́ńjìnnì mọ́, ìbáà má fò mọ́ láé. Jumo 004 tó dúró sójú kan ló ń fi hàn bí àìsí níkẹ́ẹ̀lì ṣe sọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ kan di aláìlágbára. Me 262 oní-CJ610 tó ń fò ló ń fi hàn bí ìyẹ́ tó tẹ̀ sẹ́yìn ṣe ń gé afẹ́fẹ́. Ìmọ̀ tí ọ̀kan ń fúnni kò sí lọ́wọ́ èkejì, àwọn méjèèjì pa pọ̀ ló sì ń sọ ìtàn bàálù náà pé.