Orúkọ Ọ̀fàdà lórí Àtẹ Ọ̀pá Ìdúbúlẹ̀

Bí a bá fẹ́ fi àwòrán wé ìkórè ìrẹsì ìjọba ìbílẹ̀ kan mọ́ ti òmíràn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀pá ìdúró ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ́kọ́ ń yà. Àṣà náà kò bá orúkọ ìlú wa mu. Ọbáfẹ́mi-Owódé, níbi tí Ọ̀fàdà wà, kò gba abẹ́ ọ̀pá tóóró. Àwọn orúkọ yóò gun ara wọn, tàbí kí a dà wọ́n ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí òǹkàwé máa yí ọrùn. Ní 1786 ni William Playfair ti fi ọ̀pá ìdúbúlẹ̀ ṣàfihàn òwò Scotland.

Nínú Matplotlib, barh ni a ó kọ dípò bar. Orúkọ àkọ́kọ́ nínú àkójọ ni yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, àfi bí a bá fi invert_yaxis yí i padà.

Èyí tó ká mi lára jù ni àmì ohùn. Unicode kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún ọ̀. Ọ àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ ni a ń so pọ̀, àmì náà a sì máa ṣìnà lórí àwòrán. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń kọ “Ofada” sórí àtẹ, tí wọ́n sì ń kọ Ọ̀fàdà nínú àpilẹ̀kọ kan náà. Èmi kò fara mọ́ ọn. Kí a fi “none” sí svg.fonttype, kí a sì fi àtẹ pamọ́ bíi SVG: ọ̀rọ̀ yóò ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀, aṣàwákiri òǹkàwé ni yóò sì to àmì sí àyè rẹ̀. Fún ìwé títẹ̀, XeLaTeX lè ṣe é, bó tilẹ̀ lọ́ra.