Ohùn Àárín

Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ohùn kan ṣoṣo la kọ́kọ́ máa ń wá. Nínú gbọ̀ngàn tí èmi àti àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ń yá lò ní ọ̀sán Sátidé, nítòsí Ojúẹlẹ́gba, a kò ní óbò tí yóò fún wa ní ohùn náà bíi ti àwọn ọkẹ́sírà ńlá. Ọmọbìnrin tó jókòó ṣáájú àwọn onífáyólìnì ni yóò fa okùn A tirẹ̀, àwọn yòókù yóò sì máa yí pẹ́ẹ̀gì díẹ̀díẹ̀ títí ohùn gbogbo wọn yóò fi wọnú ara. Lóde, kọ̀ńdọ́ ń pe Yábàá, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń bú ramúramù. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń gbọ́ ohùn yìí. Kò sú mi rí.

Fíólà ni mo ń ta. Ó fi díẹ̀ tóbi ju fáyólìnì lọ, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀ jù ú lọ. Kò ní okùn E tó máa ń dún bí ìgbe ẹyẹ. C ló ní nísàlẹ̀, tó ń kùn bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n ń náwó fún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí gúdúgúdú dákẹ́ kí ẹ wá wo bí ijó yóò ṣe dàrú. Ipò yẹn ni fíólà wà. Òun kì í gbé orin, abẹ́ orin ló ń wà.

Mi ò fẹ́ ẹ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta, wọn apá mi wò, ó ní ó gùn, ó sì gba fáyólìnì lọ́wọ́ mi. Mo sunkún títí mo fi délé ní Láwàńsọ́n. Lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan, a ń ta orin ìsìn kan tí mo ti mọ̀ láti kékeré, ni mo bá gbọ́ pé nóòtì kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi ló sọ ibẹ̀ di ìbànújẹ́. Bí mo bá gbé e sókè ní ìdajì ìgbésẹ̀, ayọ̀ ni yóò dà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ iṣẹ́ mi.

Ọ̀gá ilé ìwé kan tí mo lọ tọrọ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé òun kò ní àyè fún orin òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Irun ìrù ẹṣin la fi ń ṣe bóò tí a fi ń ta fíólà. Irun ìrù ẹṣin kan náà ló wà lára gòjé tó bá àwọn ará Òkè Ọya wọ ilẹ̀ wa, tó sì di tiwa. Ta ló gbọ́ sákárà Yusuf Ọlátúnjí tí kò gbọ́ gòjé tó ń dá a lóhùn? Ìyá àgbà kan ní Ìdí-Oro gbọ́ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ta ṣẹ́lò nínú pálọ̀, ó ní, "Gòjé yín yìí mà sanra o." Òun kò béèrè ilé ta ló ti wá.

Ojú ọ̀nà Herbert Macaulay sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ń gbà kọjá ní Yábàá, pẹ̀lú àpótí fáyólìnì léjìká. Ọkùnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀nà náà, tó ṣaláìsí ní 1946, onífáyólìnì ni òun náà. Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ tuntun.

Bí wọ́n bá ti lè ka ìwé orin díẹ̀, orin Fẹlá Ṣówándé ni mo ń gbé síwájú wọn. Ní 1905 ni wọ́n bí i, abẹ́ T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips ló ti kọ́ dùùrù ní Kàtídírà ní Èkó. London ló wà nígbà ogun Hitler tó fi kọ *African Suite*, ní 1944. Àwọn ohun èlò olókùn nìkan ló kọ ọ́ fún, pẹ̀lú háàpù. Èyí wúlò fún ẹgbẹ́ bíi tiwa tí kò ní fèrè tó pọ̀. A kò ní háàpù náà, kíbọ́ọ̀dù la fi ń dí i. Apá tó gbẹ̀yìn, *Akinla*, jẹ́ háíláìfù. Ìgbàkígbà tí a bá débẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn náà máa ń fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Kíkó àwọn ọ̀dọ́ jọ báyìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó ní Àkókà, kó àwọn ọmọ ilé ìwé girama jọ sínú Choir of Angels kó tó kú ní 1976. Wọ́n dá ẹgbẹ́ orin MUSON sílẹ̀ ní 1983, Akíntọ́lá Williams sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ orin wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Ibẹ̀ ni àwọn tó bá dáńgájíá lára àwọn ọmọ wa ń forí lé, fún dípúlómà ọlọ́dún méjì. Ṣùgbọ́n Oníkàn ni MUSON wà, ní òdìkejì omi. Ẹni tí kò bá tíì gbé dọ́bù béèsì wọ danfo láti Múṣìn, kó má sọ pé ibẹ̀ kò jìnnà. Owó ìjókòó mẹ́ta ni dẹ́rẹ́bà ń gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ó yẹ kí ìhà tiwa náà ní ọkẹ́sírà tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Ní Kinshasa, Armand Diangienda kó ọkẹ́sírà tirẹ̀ jọ ní 1994. Ohun èlò kò kárí nígbà náà, ńṣe ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn lò. Mo máa ń rántí wọn nígbà tí ọmọ méjì bá ń pín fáyólìnì kan.

Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń mú dò-re-mí wá láti inú kóòrù. Àwọn ọmọ Múṣìn tó dàgbà sínú fújì kì í mọ̀ ọ́n, àmọ́ ìlù wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì ń tètè mọ ohun tó ṣòro jù lọ: kí èèyàn dákẹ́, kó ka bá mẹ́rìndínlógún láìta nǹkan kan, kó sì wọlé lásìkò. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni mo fún ní fíólà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, fáyólìnì ni mo wá kọ́." Mo ṣèlérí pé lẹ́yìn eré ìparí ọdún, n óò fún un.

Ní ọjọ́ eré náà, wọ́n mú iná ní àárín *Akinla*. Òkùnkùn ṣú bolẹ̀. Àwọn fáyólìnì ń já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí wọn kò rí ìwé mọ́. Mo gbọ́ ohùn kan tó ń bá a lọ lábẹ́, kò yára, kò fà. Ọmọ náà ni. Ó ti ń gbọ́ tiwọn láti oṣù mẹ́fà, ó sì mọ ibi tí olúkúlùkù yẹ kó wà. Ṣẹ́lò bá a, àwọn fáyólìnì rí ilẹ̀ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n padà wọlé. Nígbà tí a fi máa tan jẹnẹrétọ̀, a ti ń parí rẹ̀.

Mo mú ìlérí mi ṣẹ. Ó gba fáyólìnì náà tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ti ń ta á dáadáa báyìí. Fíólà rẹ̀ wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, mo sì máa ń tún okùn rẹ̀ ṣe kí ó má baà dẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń bọ̀ láti Ìdí-Àràbà ní Sátidé. Wọ́n ní apá rẹ̀ gùn.