Ìdáwà àti Àwùjọ nínú Ìtàn Aṣálẹ̀ Ibrahim al-Koni

Bí a bá dárúkọ aṣálẹ̀ Sàhárà fún ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, iyanrìn, oòrùn àti ràkúnmí ni ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Kì í ṣe ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orin. Ìwé kan láti inú aṣálẹ̀ náà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí. Nazif al-hajar ni àkọlé rẹ̀, tí a lè pè ní ‘Ẹ̀jẹ̀ Ara Òkúta’. Ibrahim al-Koni ni ó kọ ọ́ ní èdè Lárúbáwá, ó sì jáde ní ọdún 1990. Ìtumọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí May Jayyusi àti Christopher Tingley ṣe ní 2002 ni àwa kà. Nítorí náà, a kò ní sọ púpọ̀ nípa ìlò èdè òǹkọ̀wé náà. Àhunpọ̀ ìtàn, ẹ̀dá ìtàn àti ọ̀gangan ipò àwùjọ ni a óò dojú kọ.

Ọdún 1948 ni wọ́n bí al-Koni sí àwùjọ Tuareg ní ilẹ̀ Líbíà. Darandaran ni àwọn Tuareg láti ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn, wọ́n sì tàn ká Líbíà, Àlgéríà, Nìjẹ̀r, Málì àti Burkina Faso. Èdè wọn ni al-Koni kọ́kọ́ sọ. Ó tó ọmọ ọdún méjìlá kí ó tó kọ́ Lárúbáwá. Moscow ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa lítíréṣọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì ti fi gbé ní ilẹ̀ òkèèrè.

Asouf ni olú ẹ̀dá ìtàn inú ìwé náà. Darandaran ni, ó ń dá gbé ní àfonífojì kan tí àwọn ará àtijọ́ ya àwòrán sí ara àpáta rẹ̀, ìjọba sì fi í ṣe olùtọ́jú àwọn àwòrán náà. Bàbá rẹ̀ ti bá ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní waddan mulẹ̀. Àgùntàn igbó orí òkè ni waddan. Ó ní ìwo ńlá tí ó tẹ̀ kọdọrọ. Bàbá da májẹ̀mú náà, ó sì bá a lọ. Nígbà tí ó yá, Asouf fúnra rẹ̀ rọ̀ dirodiro sí etí ọ̀gbun, waddan kan náà ni ó fà á yọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè fi ẹran kan ẹnu mọ́. Ọdẹ kan wá dé, Cain ni orúkọ rẹ̀. Ó ti fi ọkọ̀ àti ìbọn pa àwọn ẹtu aṣálẹ̀ run, waddan ni ó kù tí ó ń wá. Asouf kọ̀, kò fi ọ̀nà hàn án. Cain so ó mọ́ ara àpáta, ní ojú àwòrán gan-an, ó sì pa á. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń kán sí òkúta ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ó máa ń rí Asouf gẹ́gẹ́ bí ẹni mímọ́ tí ó sá fún ayé. Èrò tiwa yàtọ̀. Orúkọ ẹ̀dá ìtàn yìí gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Ní èdè Tuareg, ‘asouf’ ni ìdáwà, òun náà ni àárò. Òun sì tún ni gbogbo ilẹ̀ òfìfo tí ó wà lẹ́yìn àgọ́, níbi tí àwọn iwin ń gbé. ‘Àwọn ará asouf’ ni wọ́n ń pe àwọn iwin náà. Ẹni tí ó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kò ní ṣòro fún láti lóye èyí: bí kò bá sí ilé, kò sí ohun tí à ń pè ní igbó. Àgọ́ ni ó fún asouf ní ìtumọ̀. Ìdáwà Asouf kì í ṣe àìlẹ́gbẹ́, nítorí májẹ̀mú tí ó ń pa mọ́ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ogún bàbá ni, òfin àwùjọ tí ó ti túká ni, òun nìkan ni ó sì kù tí ó ń pa á mọ́. Ohun tí ó mú ikú rẹ̀ wúwo nìyí.

Níbí ni àléébù ńlá inú ìwé náà wà, lójú tiwa. Nínú àwùjọ Tuareg, obìnrin ni ó ni àgọ́. Obìnrin nìkan ni ó ń ta imzad, ohun èlò orin olókùn kan tí àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé ogún àjogúnbá ní 2013. Ìyá ni ó sábà máa ń fi ìka kọ lẹ́tà Tifinagh, ìlànà ìkọ̀wé wọn, sórí iyanrìn láti kọ́ ọmọ. Nínú ìtàn al-Koni, díẹ̀ ni a rí nínú gbogbo èyí. Ìyá Asouf wà, ó ń bẹ̀rù kí ọmọ òun má mọ bí a ti ń bá ènìyàn lò, àgbàrá sì gbé e lọ. Bí òǹkọ̀wé bá gba àgọ́ kúrò nínú ìtàn asouf, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Cain náà kò tẹ́ wa lọ́rùn: ẹ̀jẹ̀ ẹtu ni wọ́n fún un mu ní ọmọ ọwọ́, ibi ni ó sì ń ṣe títí dé òpin. Ẹ̀dá ìtàn tí kò lè yàn kò lè jẹ̀bi tán.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìdajì kejì, orin ni kí ó yà sí. Ọ̀dá ọdún 1973 sí 1974 àti ti 1984 sí 1985 pa ẹran ọ̀sìn àwọn Tuareg rẹpẹtẹ, àwọn ọ̀dọ́ sì fọ́n lọ wá iṣẹ́ ní Àlgéríà àti Líbíà. ‘Ishumar’ ni wọ́n pe irú wọn, láti inú ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí ẹni tí kò níṣẹ́. Àárín wọn ni ẹgbẹ́ Tinariwen ti jáde. Wọ́n pa bàbá Ibrahim Ag Alhabib, olórí ẹgbẹ́ náà, nínú ọ̀tẹ̀ ọdún 1963 ní Málì; agolo, igi àti wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni ó sì fi ṣe gìtá àkọ́kọ́ rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni orin wọn fi ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ kọjá aṣálẹ̀, kí ẹ̀bùn Grammy tó kàn wọ́n ní 2012. Asouf ni wọ́n ń kọ lórin, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ń dún, àwọn obìnrin sì ń gbè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń dá wà pa pọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2012 kan náà ni wọ́n ṣe àjọ̀dún orin aṣálẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2001 kẹ́yìn ní Tómbútù. Kò pẹ́ sí i tí àwọn ajagun gba ìhà àríwá Málì, tí wọ́n sì fi òfin de orin.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó kù. A ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé èyí tí a fi èdè Yorùbá gbé kalẹ̀ ni lítíréṣọ̀ Yorùbá. Nígbà tí a ń jíròrò ìwé yìí ní kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè bóyá ìwé al-Koni kì í ṣe ti Tuareg nígbà náà. Bí a bá di ìlànà wa mú, lítíréṣọ̀ Lárúbáwá ni. A kò sì lè yí ìlànà padà nítorí pé ìwé kan dùn. Hawad, akéwì Tuareg tí wọ́n bí ní agbègbè Aïr ní Nìjẹ̀r ní 1950, ń kọ ewì rẹ̀ ní èdè abínibí rẹ̀ pẹ̀lú Tifinagh, lẹ́yìn náà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Èyí fi hàn pé ọ̀nà wà. Síbẹ̀, àwọn tí ó lè ka ewì náà ní Tifinagh kò pọ̀, ìtumọ̀ Faransé ni ó sì gbé e dé etí ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ náà tún béèrè pé, ta ni Hawad ń kọ̀wé sí? A sọ fún un pé kí ó fi ìbéèrè náà ṣe àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀.