Orí Orúnkún La Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Kí oòrùn tó mú, èmi àti ọmọkùnrin kan ti wà ní pápá. Ó kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀ níwájú mi, ìbọ̀wọ́ kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ta bọ́ọ̀lù sí i nílẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹni tó kúnlẹ̀ kò rí ẹsẹ̀ sá. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jáde lọ pàdé bọ́ọ̀lù, kí ojú sì sìn ín wọ inú ìbọ̀wọ́. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní béésìbọ́ọ̀lù ní Houston nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Ron Washington, akọ́nimọ̀ọ́gbá béésìbọ́ọ̀lù, ni àṣà yìí ti ràn mọ́ mi, bí n kò tilẹ̀ bá a pàdé rí. Ní 2002, ẹgbẹ́ Oakland Athletics gbé Scott Hatteberg fún un láti kọ́. Ẹ̀yìn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni Hatteberg ti máa ń lóṣòó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìgúnpá rẹ̀ ti bàjẹ́, kò lè ju bọ́ọ̀lù bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Washington sọ ọ́ di aṣọ́béèsì kìn-ín-ní. Lọ́dún yẹn, Oakland borí nígbà 20 léraléra, Hatteberg yìí ló sì gbá bọ́ọ̀lù tó mú ogún náà pé. Nígbà tó yá, Eric Chavez, tó ń ṣọ́ béèsì kẹta, gbé ọ̀kan nínú àmì-ẹ̀yẹ Gold Glove rẹ̀ fún Washington. Ohun tí agbábọ́ọ̀lù ń fi pa mọ́ de ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbé lé olùkọ́ lọ́wọ́! Omi máa ń lé sí mi lójú tí mo bá rántí.

Ẹgbẹ́ mìíràn, Los Angeles Angels, pàdánù ìdíje 89 nínú 162 ní 2023. Wọ́n pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n mú Washington wá, ó ti pé ẹni ọdún 71. Ní 2024, wọ́n pàdánù 99, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà. Àwọn kan bi mí pé kí ni àǹfààní ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdíje 29 péré ni Mike Trout, ìràwọ̀ wọn, gbá lọ́dún náà nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Ìyẹn kọjá ohun tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lè tún ṣe.

Ohun tó ń dùn mí ju ìpàdánù wọn lọ ni ọmọ tó ti bọ́ sọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́ta láàrin ọdún méjì. Ọ̀kan ní kó fi ọwọ́ kan mú bọ́ọ̀lù, èkejì ní kó fi méjèèjì, ẹ̀kẹta ní kó sún sẹ́yìn dè é. Bọ́ọ̀lù dé, ọwọ́ ṣiyèméjì, bọ́ọ̀lù gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló kúnlẹ̀ níwájú mi yìí. N kò bẹnu àtẹ́ lu ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ. Mo ń ta bọ́ọ̀lù. Nígbà tó tó bí ogójì, ìró tó ń jáde nínú ìbọ̀wọ́ yẹn rọ̀. Òun náà gbọ́ ọ, ó gbójú sókè.

"Kóòṣì, ẹ tún ta á."