Ta Ni "Ọmọ Wa"?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ewì àti ìtàn àròsọ ni ẹ mọ̀ mí mọ́. Lónìí, àríyànjiyàn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, irú èyí tí àwọn olólùfẹ́ Arsenal máa ń ṣe nílé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ìkòtún kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan á ní kí wọ́n má ra ẹnikẹ́ni mọ́, kí wọ́n lo àwọn ọmọ Hale End, ibi tí Arsenal ti ń tọ́ àwọn ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹlòmíràn á ní ọmọdé kì í gba ife. Mo gbádùn wọn gan-an! Wọ́n mọ̀ pé 2018 ni Bukayo Saka kọ́kọ́ bá àwọn àgbà gbá a, pé ọmọ ọdún 15 péré ni Ethan Nwaneri nígbà tó wọlé ní Premier League ní 2022.

Ibi tó ti wọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, "ọmọ wa". Wọ́n ń lò ó bí ẹni pé ẹgbẹ́ kì í ta ọmọ tó bá tọ́. Alex Iwobi ńkọ́? Èkó níbí ni wọ́n bí i sí, Arsenal ló tọ́ ọ, wọ́n sì tà á fún Everton ní 2019. Ní 2024, Smith Rowe lọ sí Fulham, Nketiah lọ sí Crystal Palace. Ìdí lè pọ̀, àmọ́ èyí tí mi ò gbọ́ rí ní Ìkòtún ni ìwé owó. Ẹni tí wọ́n bá rà, wọ́n á pín iye tí wọ́n rà á sórí ọdún àdéhùn rẹ̀. Bí wọ́n bá tà á, wọ́n á yọ iye tó kù kí wọ́n tó ka èrè. Ọmọ tí wọ́n tọ́ kò ní iye tí wọ́n rà á. Èrè ni gbogbo owó rẹ̀. (Ẹ̀yin oníṣirò owó láàárín yín, mo mọ̀ pé mo gé e kúrú.) Bí iye tí wọ́n tà wọ́n bá dọ́gba, ọmọ ilé gan-an ni títà rẹ̀ ń mú èrè wọlé jù.

Mo ṣàlàyé èyí fún bàbá kan tó mú ọmọ rẹ̀ dání, ọmọ náà ṣì wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Ó ní, "Prof, ẹ má bínú o. Kí wọ́n wá ra tèmi náà ni mo ń gbàdúrà."

Ó tọ̀nà, ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn. Victor Osimhen dàgbà ní Olúsòsùn, ó gbá góòlù 10 wọlé ní Ife Àgbáyé àwọn ọmọ abẹ́ ọdún 17 ní Chile ní 2015, ó sì gba Wolfsburg lọ ní 2017 láì gbá líìgì ilẹ̀ wa rárá. Àwọn tó ń jiyàn nípa Haruna Ilerika láyé Stationery Stores, ojú wọn ni wọ́n fi rí i ní pápá. Àwọn ará Ìkòtún ò rí Osimhen bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ló fi í hàn wọ́n.