Èèyàn Kún Ojú Àwòrán: Luis García Berlanga àti Àwọn Tó Ń Pè É ní Aláwàdà

Ó ti sú mi láti máa ka ìwé lórí sinimá Spéìn tí yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Luis Buñuel, tí yóò yà wẹ́rẹ́ kí Carlos Saura, tí yóò sì gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ Pedro Almodóvar, bí ẹni pé kò sẹ́lòmíì lójú ọ̀nà. Akẹgbẹ́ mi kan tilẹ̀ kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé aláwàdà tó ń fi ẹ̀rín sá fún Franco, apàṣẹwàá Spéìn, ni olùdarí fíìmù náà, Luis García Berlanga. Gbólóhùn kan péré ló fi sin ín.

Tó bá jẹ́ Franco ló ń sá fún, ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ yí padà lẹ́yìn tí Franco kú ní 1975. Ẹ wo La escopeta nacional tó ṣe ní 1978: àwọn ọlọ́lá àti oníṣòwò péjọ síbi ọdẹ, èèyàn tún pọ̀ sí i, ariwo tún le sí i. Nítorí náà, ẹ̀rín yìí kì í ṣe ìbòjú. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: yóò kó èèyàn bíi mẹ́wàá sínú àwòrán kan ṣoṣo, kò ní gé e, gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ọ̀ràn ń dùn gan-an ni ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́.

Valencia ni wọ́n bí Berlanga sí ní 1921. Wọ́n dájọ́ ikú fún bàbá rẹ̀, òṣèlú ni, ìhà tí Franco ṣẹ́gun nínú ogun abẹ́lé Spéìn ló sì wà. Ọmọ wá bá àwọn ọmọ ogun Spéìn lọ jà ní Rọ́ṣíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jámánì, kí wọ́n lè fojú àánú wo bàbá. Wọn ò pa bàbá náà. Ní 1947 Berlanga wọ ilé ẹ̀kọ́ sinimá ní Madrid, níbi tí òun àti Juan Antonio Bardem ti jọ kẹ́kọ̀ọ́. Bienvenido, Mister Marshall (1953) ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká; gbogbo èèyàn ló ti kọ̀wé lórí ìyẹn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Plácido ni kí wọ́n máa wò. 1961 ló jáde, ọdún kan náà tí Viridiana ti Buñuel gba Palme d'Or ní Cannes. Ọ̀ràn kan náà ni wọ́n ń bá jà: olówó tó fẹ́ fi oúnjẹ ra ọ̀run. Àwọn alágbe Buñuel jókòó bíi Jésù àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn, wọ́n sì dúró gbagidi kí á lè mọ̀ ọ́n. Ti Berlanga kì í dúró. Ní ìlú kékeré kan, ọjọ́ Kérésìmesì ku ọ̀la, àwọn ìyá ọlọ́rọ̀ ṣètò pé kí ilé olówó kọ̀ọ̀kan gba tálákà kan sídìí tábìlì. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ìkòkò ló ń náwó sí i. Wọ́n háyà Plácido àti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, wọ́n gbé ìràwọ̀ ńlá kan ka orí kẹ̀kẹ́ náà. Owó àkọ́kọ́ tó yẹ kó san lórí kẹ̀kẹ́ yìí kan náà pé lónìí, ibi tí yóò ti san án ló ń wá. Gbogbo ìgbà tó bá lanu, ẹlòmíì á já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn kọ lu ọ̀kan nínú àwọn tálákà náà nílé olówó. Wọ́n gbọ́ pé òun àti obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé kò ṣègbéyàwó. Kí ẹ̀ṣẹ̀ má baà kú sí wọn nílé, àfi kí wọ́n so wọ́n pọ̀ lórí ibùsùn ikú. Iyàrá kún fọ́fọ́. Nígbà tó kú, kẹ̀kẹ́ Plácido náà ni wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ kúrò. N kò rí ìkà kankan níbẹ̀. Àwọn tó ń kánjú ni mo rí.

Àwọn kan á ní Rafael Azcona, tí wọ́n jọ kọ ìwé eré, ló ni gbogbo èyí. Lóòótọ́, Plácido ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ ṣe, ẹni tó bá sì wo Calabuch (1956) yóò rí i pé inú Berlanga ṣì rọ̀ sáwọn èèyàn rẹ̀ nígbà náà. Azcona ló mú oyin kúrò níbẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Azcona ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀sìn, El verdugo (1963) ni mo sì fi ń dá wọn lóhùn.

José Luis, òṣìṣẹ́ ilé ìsìnkú, fẹ́ ọmọ Amadeo. Tẹ̀tú ìjọba ni Amadeo, bàbá àgbàlagbà pẹ̀lẹ́ tí Pepe Isbert ṣe. Irin tí wọ́n ń yí mọ́ ẹni lọ́rùn ló fi ń ṣiṣẹ́. Ìjọba fẹ́ fún un ní ilé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fẹ̀yìn tì, ilé á sì bọ́ àfi tí àna rẹ̀ bá gba iṣẹ́ náà. José Luis fọwọ́ sí ìwé, ó ń retí pé wọn ò ní pa ẹnikẹ́ni láyé òun. Lẹ́tà dé láti Mallorca: kó wá pa ẹnì kan ní ẹ̀wọ̀n ibẹ̀.

Gbọ̀ngàn funfun kan wà nínú ẹ̀wọ̀n náà, ó fẹ̀, ó ṣófo, ilẹ̀kùn kékeré wà lọ́ọ̀ọ́kán. Òkè ni kámẹ́rà wà, kò mira. Àwọn èrò tí Berlanga máa ń pa pọ̀ wá pín sí méjì. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ń lọ níwájú pẹ̀lú àwọn tirẹ̀, jẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń wọ́ José Luis, tẹ̀tú tuntun, bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Fìlà rẹ̀ já bọ́, ẹnì kan sì padà lọ mú un. Agbẹjọ́rò kan tó wà níbi irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀ ló ròyìn fún Berlanga bí wọ́n ṣe wọ́ tẹ̀tú. Ibẹ̀ ni fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ìwé eré. Ìwé eré lè sọ pé wọ́n wọ́ ọ. Kò lè sọ bí gbọ̀ngàn náà ṣe fẹ̀ tó lójú ẹni tí wọ́n ń wọ́.

Nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1963 gan-an ni ìjọba Franco fi irin kan náà pa ọ̀dọ́kùnrin méjì. Nígbà tí fíìmù náà dé àjọ̀dún fíìmù Venice, àwọn lámèyítọ́ fún un lẹ́bùn. Alfredo Sánchez Bella, aṣojú Spéìn ní Róòmù, kọ lẹ́tà ìbínú sí mínísítà rẹ̀ pé ó ba orúkọ Spéìn jẹ́. Nínú gbogbo àwọn tó bá Berlanga jà, òun nìkan ni mo lè sọ pé ó wo fíìmù náà dáadáa.